Ara ọmọ gbóná láàárọ̀, ṣé kó lọ ilé-ìwé àbí kó dúró?

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín wà ní maternelle (jẹ́lé-ó-sinmi) tàbí CI (kíláàsì àkọ́kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀) ní Kétu ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ níbí, ẹ mọ àárọ̀ tí mò ń sọ. Aago ti ń lọ sí méje, zém, ọ̀kadà tó ń gbé ọmọ, ti ń fọn fèrè níta, ẹ fọwọ́ kan ọrùn ọmọ ó gbóná, ẹnì kan nínú ilé sì ti ní "ẹ fún un ní paracétamol kó máa lọ, yóò rọlẹ̀." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Paracétamol máa ń mú kí ara tutù fún wákàtí mélòó kan, kì í wo ohun tó fa ìgbóná, kó tó di aago méjìlá tí wọ́n máa jáde ara ọmọ á ti tún gbóná, maître, olùkọ́ ẹ̀, á máa wá nọ́ńbà yín kiri, tó bá sì jẹ́ àìsàn tó ń ràn, ó ti fún ọmọ tó jókòó tì í nìyẹn.

Ẹ ra thermomètre sílé. Ọwọ́ máa ń tan èèyàn, pàápàá ọwọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú omi tútù. Ẹ ki í sí abẹ́ apá ọmọ, ẹ pa apá ẹ̀ dé títí táá fi ké pìì, tó bá ti jẹ́ 37,5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ara ẹ̀ gbóná nìyẹn, ilé-ìwé ò sí lónìí. Tó bá kéré síyẹn ẹ wo ọmọ fúnra ẹ̀: ṣé ó jẹ ẹ̀kọ pẹ̀lú àkàrà tó máa ń jẹ, ṣé ó ń bá àbúrò ẹ̀ jà bó ṣe máa ń jà? Ọmọ tó ń jà tó ń pariwo, ẹ jẹ́ kó máa lọ. Èyí tó dákẹ́ kalẹ̀ lórí ẹní tó yíjú kúrò lára oúnjẹ ni kẹ́ ẹ máa ṣọ́.

Tí ara bá gbóná, ẹ gbé e lọ centre de santé lọ́jọ́ náà, ẹ má dúró dọ̀la. Wọ́n á gún un ní ìka, wọ́n á mú ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sí TDR, ìyẹn ohun àyẹ̀wò ibà kíákíá, láàárín ìṣẹ́jú bí ogún ẹ ti mọ̀ bóyá ibà ẹ̀fọn ni. Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn ni pé gbogbo ìgbóná la máa ń pè ní ibà, bẹ́ẹ̀ òmíì etí ni, òmíì ọ̀fun ni, òmíì àyà ni, oògùn ibà ò sì lè ṣe nǹkan kan fún àyà. Tí TDR bá fi hàn pé ibà ni, oògùn ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n á fún yín, àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́, bí ọmọ náà ṣe wúwo tó ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, kì í ṣe ọjọ́ orí, torí náà ẹ má pín ti ẹ̀gbọ́n fún àbúrò. Ẹ fún un lẹ́yìn oúnjẹ tó lépo díẹ̀, ó máa ń wọra dáadáa bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ kejì ni ara ọmọ máa ń yá, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ìyá ti ń tọ́jú ìyókù pamọ́ fún ọjọ́ mìíràn. Ẹ lò ó tán.

Oògùn orí àtẹ, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á. Láti 2017 tí ìjọba ti tú ọjà oògùn Adjégounlé ká ní Kútọnu ni gbogbo wa ti mọ ohun tó wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn, síbẹ̀ wọ́n ṣì ń gbé e wọ àdúgbò nínú báàgì. Ẹ lọ fámasí. Aspirine náà, ẹ má fún ọmọdé.

Ẹ jẹ́ n dúró díẹ̀ lórí gìrì, torí ẹ̀rù ẹ̀ pọ̀. Ọmọ tí ara ẹ̀ gbóná gan-an lè ṣàdédé gan, kó máa gbọ̀n, kí ojú ẹ̀ yí sókè. Àwọn àgbà á ní kẹ́ ẹ ki ṣíbí sí i lẹ́nu, kẹ́ ẹ ti ẹsẹ̀ ẹ̀ sínú iná, kẹ́ ẹ da àgbo tàbí ìtọ̀ màlúù sí i lọ́fun. Ẹ má bá wọn jà, ẹ ṣáà má jẹ́ kí wọ́n ṣe é. Ẹ tẹ́ ọmọ sílẹ̀, ẹ yí i fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ kí itọ́ lè máa ṣàn jáde, ẹ tú bọ́tìnì ọrùn ẹ̀, ẹ má fi ohunkóhun sí i lẹ́nu, tó bá ti balẹ̀ ẹ gbé e, ó di ilé ìwòsàn. Tí kò bá tètè balẹ̀, ẹ máa gbé e lọ bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí kò lè mu nǹkan, tó ń bì gbogbo ohun tó bá gbé mì, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, tàbí tí ẹ pè pè tí kò dáhùn, ìyẹn ò ní ká máa retí bàbá kó ti oko dé.

Ó yá, ta ló ń dúró sílé, fún ìgbà wo? Ẹni tí ara ẹ̀ gbóná á dúró títí tí ìgbóná á fi lọ odindi ọjọ́ kan láìlo paracétamol. Ẹni tó ń ṣu ìgbẹ́ gbuuru tàbí tó ń bì, ọjọ́ méjì lẹ́yìn tó bá dáwọ́ dúró. Éèyi, ó kéré tán ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn tó ti sú síta. Èyí tó máa ń ní omi nínú tí wọ́n ń pè ní varicelle, ó di ìgbà tí gbogbo ẹ̀ bá gbẹ. Apollo, kí ojú kọ́kọ́ ṣíwọ́ ìpín, ẹ má sì fún wàrà ọmú sí i, ṣe ni ìyẹn á tún dá kún un. Lapalapa orí kò ní ká dúró sílé tí ẹ bá ti ń fi oògùn sí i, ikọ́ kékeré tí kò ní ìgbóná náà ò ní. Mo mọ̀ pé ẹni tó ń lọ ọjà kò rọrùn fún láti dúró ti ọmọ, torí náà ẹ ti bá ìyá àgbà tàbí aládùúgbò sọ ọ́ sílẹ̀ kí àìsàn tó dé.

Fún ìgbẹ́ gbuuru, ẹ po sachet ORS (oògùn oníyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ń pò mu) kan mọ́ lítà omi mímọ́ kan, kò gbọ́dọ̀ dín, kò gbọ́dọ̀ lé. Tí ẹ ò bá ní ohun tẹ́ ẹ máa fi wọ̀n ọ́n, omi inú ọ̀rá tí wọ́n kọ 500 ml sí lára, méjì ẹ̀ ni lítà kan. Tó bá ti pé wákàtí mẹ́rìnlélógún ẹ dà á nù, ẹ po òmíì. Ẹ béèrè zinc náà, 20 mg lóòjọ́ fún ọjọ́ mẹ́wàá ó kéré tán, kódà bí ìgbẹ́ bá ti dúró.

Ọwọ́ fífọ̀ ńkọ́? A mọ̀ pé omi ò fi bẹ́ẹ̀ rọrùn lórí ilẹ̀ wa yìí, ìyẹn ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ilé máa bọ ọwọ́ sínú abọ́ kan náà, gbogbo ọmọ ilé, omi kan. Ẹ mú bidon (kẹ́ẹ̀gì) lítà márùn-ún, ẹ fi ìṣó gbígbóná lu ihò kékeré sí i nísàlẹ̀, ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ dí i, ẹ gbé e ka orí bẹ́ǹṣì, ẹ so ọṣẹ sínú ìbọ̀sẹ̀ àtijọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Tí ọmọdé bá tú igi yẹn tí ìdérí bidon sì ṣí díẹ̀, omi á máa sun wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́, ife kan á tó ọmọ méjì. Ọmọdé fẹ́ràn à-ń-tú-igi yẹn débi pé wọ́n á máa fọwọ́ láìsí ìdí, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe é.

Carnet ajẹsára, ìwé tí wọ́n ń kọ abẹ́rẹ́ ọmọ sí, ẹ ya fọ́tò gbogbo ojú ewé ẹ̀ sínú fóònù, torí eku àti òjò. Ajẹsára ibà tó bẹ̀rẹ̀ ní Bẹ̀nẹ̀ ní oṣù kẹrin 2024, àwọn ọmọ ọwọ́ ló wà fún, ọmọ CI ti dàgbà jù, ṣùgbọ́n ẹ béèrè fún àbúrò ẹ̀. Àwọ̀n ẹ̀fọn ò tíì di ohun ìdìpamọ́, ẹ ta á, kí gbogbo wọn sùn sábẹ́ ẹ̀, ẹ sì jẹ́ kí wọ́n tètè sùn, ọmọ ọdún mẹ́fà tó bá ìyá ẹ̀ jókòó ti ìsọ̀ di aago mẹ́wàá alẹ́ á kàn lọ tòògbé ní kíláàsì ni.

Èyí tó kù ni èyí táwọn òbí máa ń fi pamọ́. Tí ọmọ yín bá ní fọ̀níkú-fọ̀ládìde, asima, wárápá, tàbí tó bá ní oúnjẹ kan tí ara ẹ̀ kọ̀, ẹ sọ fún maître, ẹ sọ fún directeur, ọ̀gá ilé-ìwé, ẹ sọ fún àwọn ìyá tó ń se oúnjẹ ọmọ ní cantine ilé-ìwé. Mo mọ̀ pé ẹ̀ ń bẹ̀rù ẹnu àdúgbò. Ṣùgbọ́n maître tí kò mọ̀ á ní kí ọmọ fọ̀níkú-fọ̀ládìde dúró sínú oòrùn fún ìyà, á fi omi dù ú, á ní kó má jáde lọ tọ̀, nígbà tó jẹ́ pé omi púpọ̀ ló yẹ kó máa mu. Ẹ kọ ọ́ sí pépà kan: orúkọ ọmọ, àìsàn ẹ̀, ohun tí wọn ò gbọ́dọ̀ ṣe, oògùn ẹ̀, nọ́ńbà fóònù méjì tó ń wọlé. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ìwé ọmọ nínú, kẹ́ ẹ sì fún maître ní ẹ̀dà kan lọ́wọ́.