Bí a ṣe ń ka ìtàn pẹ̀tẹ́lẹ̀ Máàsì nínú fọ́tò

Kọ̀ǹpútà kan àti dátà ti tó. Ẹ gba JMARS, ètò ọ̀fẹ́ fún wíwo àwòrán Máàsì, láti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Arizona, kí ẹ ṣí fọ́tò CTX, kámẹ́rà inú ọkọ̀ òfuurufú tó ń yí Máàsì po, lórí Elysium Planitia, pẹ̀tẹ́lẹ̀ kan níbẹ̀. Píkísẹ́ẹ̀lì kan nínú fọ́tò náà jẹ́ nǹkan bíi mítà 6 nílẹ̀.

Ẹ má tíì dárúkọ ohunkóhun. Ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí oòrùn ti ń tàn. Nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán ti Máàsì ni ọkọ̀ tó gbé CTX máa ń kọjá, nítorí náà, bí àríwá bá wà lókè fọ́tò, ọwọ́ òsì ni ìmọ́lẹ̀ sábà máa ń gbà wá. Inú kòtò, ìyẹn ihò tí òkúta tó já láti ojú ọ̀run gbẹ́, á ṣókùnkùn lápá òsì, á mọ́lẹ̀ lápá ọ̀tún. Òkè á ṣe òdìkejì. Ibí yìí ni ojú ti máa ń tanni jẹ jù: kòtò á wú bíi kókó. Ẹ dorí fọ́tò kodò, kí ẹ tún un wò.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìlà yí ilẹ̀ tó bá jọra ká, àwọ̀ kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Etí lávà, òkúta tó yọ́ tó sì ṣàn kó tó gan, máa ń rí ribiti-ribiti bí ẹ̀kọ tó dà sílẹ̀. Èyí tó bo òmíràn mọ́lẹ̀ ló dé kẹ́yìn. Ojú ibi tí ilẹ̀ ti sán, tó la nǹkan kọjá, ṣe àbúrò ohun tó là. Aláró Òṣogbo tó bá wo àdìrẹ mọ àwọ̀ tó kọ́kọ́ wọlé. Ọgbọ́n kan náà ni.

Ó wá ku kíka kòtò. Níbi tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ da yanrìn sí lọ́jà Ọba, ojú ẹsẹ̀ kì í pọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni kòtò kì í pọ̀ lórí ilẹ̀ ọ̀dọ́. Bí kòtò tó fẹ̀ ju kìlómítà 1 lọ bá jẹ́ 12 lórí sìkúwéà kìlómítà 3,000, mẹ́rin-mẹ́rin ló bọ́ sórí 1,000 kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi wé ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ má ka èyí tí kò tó píkísẹ́ẹ̀lì 10, ìyẹn mítà 60. Ẹ fo àwọn tó tò bí ìlẹ̀kẹ̀ tàbí tó ṣùjọ: àfọ́nká òkúta láti inú kòtò ńlá kan ló gbẹ́ wọn. Zunil, tó fẹ̀ tó kìlómítà 10 ní Elysium yìí gan-an, fọ́n àràádọ́ta ọ̀kẹ́ wọn ká. Ẹni tó bá kà wọ́n mọ́ ọn á pe ilẹ̀ ọ̀dọ́ ní arúgbó.

Fífunfun tàbí dúdú kò sọ irú òkúta. Eruku lè bo gbogbo rẹ̀. Ẹ fi fọ́tò òru ti THEMIS, kámẹ́rà mìíràn tó ń wo ooru ilẹ̀ Máàsì, yẹ̀ ẹ́ wò: òkúta di ooru mú, á mọ́lẹ̀, eruku ti tutù, á ṣókùnkùn. Níbi tó bá ti ṣókùnkùn biribiri, ẹ kọ “eruku” síbẹ̀, kì í ṣe “lávà”.