Àṣìṣe Tó Ń Kó Bá Tọkọtaya Lórí Ọ̀rọ̀ AS àti SS

"Àkọ́bí wa ti jẹ́ SS, àwọn mẹ́ta tó kù ti bọ́ nìyẹn." Ọ̀rọ̀ yìí ń jáde lẹ́nu àwọn tọkọtaya tó jẹ́ AS àti AS, ó sì máa ń dùn mí tí mo bá gbọ́ ọ, torí ìrètí tí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ni. Wọ́n gbọ́ nílé ìwòsàn pé ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé kí ọmọ wọn jẹ́ SS, ìyẹn kó ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde, wọ́n wá rò pé ṣe ni wọ́n pín in sórí ọmọ mẹ́rin, pé tí ẹnì kan bá ti gbà á, ó tán. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Oyún kọ̀ọ̀kan ló ń dá ìṣirò tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Tí ẹ bá ju owó ẹyọ sílẹ̀ tó sì dojú dé, tí ẹ bá tún un jù, kò ní rántí èyí tó ṣe tẹ́lẹ̀.

Lẹ́tà méjì ni jẹ́nótáìpù oníkálùkù ní, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Ẹni tó jẹ́ AS ní A kan àti S kan, ọ̀kan ṣoṣo ló sì máa fún ọmọ. Kò sẹ́ni tó lè yan èyí tó máa lọ. Tí bàbá àti ìyá bá fún un ní A, ọmọ di AA. Tí ọ̀kan bá fún un ní A, tí èkejì fún un ní S, AS ni, ọ̀nà méjì lèyí sì lè gbà ṣẹlẹ̀. Tí àwọn méjèèjì bá fún un ní S, SS dé. Tí ọgọ́rùn-ún ìdílé AS àti AS bá bí ọmọ mẹ́rin-mẹ́rin, nǹkan bí 32 nínú wọn ni kò ní rí SS rárá. Nǹkan bí 68 máa rí ọ̀kan, ó kéré tán, àwọn mìíràn á rí méjì tàbí mẹ́ta. Ẹ má ṣe wá fi aládùúgbò ṣe àwòkọ́ṣe pé, "AS làwọn náà, ṣebí ara gbogbo ọmọ wọn le." Ara àwọn 32 yẹn lẹ̀ ń wò.

Àṣìṣe tó ń tú ilé ká jù ni dídá ìyàwó lẹ́bi. "Kò sí fòníkú-fọ̀ladìde nílé tiwa, ọ̀dọ̀ ìyàwó ló ti wá." Àwọn ẹbí ọkọ á máa sọ ọ́, ọkọ á sì dákẹ́. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin ọkọ, ẹ má dákẹ́. Ọmọ ò lè jẹ́ SS láìgba S kan lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Pé ẹ kò rí aláìsàn nínú ìdílé kò ní kí S má sí níbẹ̀. AS á fẹ́ AA, wọ́n á bí AS. Ọmọ yẹn náà á tún fẹ́ AA. Báyìí ni S ṣe lè rìn láti ìran dé ìran láìpa ẹnikẹ́ni lára, títí AS fi máa pàdé AS. Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ló sì jẹ́ AS ní Nàìjíríà, torí náà ìpàdé yẹn kò jìnnà. Ibà ló jẹ́ kó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wa: ní 1954, onímọ̀ sáyẹ́nsì kan, Anthony Allison, fi iṣẹ́ tó ṣe ní Ìlà Oòrùn Áfíríkà hàn pé AS ń gba ọmọdé lọ́wọ́ ibà líle. AS kì í di SS bó ti wù kéèyàn dàgbà tó. Ẹni tó bá sì ní òun á fi àgbo sọ AS di AA, ẹ má fún un lówó.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń múra ìgbéyàwó, ẹ má ṣe mú ẹ̀yà ẹ̀jẹ̀ bíi O Positive dípò jẹ́nótáìpù; ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ẹ má sì gbára lé ìwé èsì kan ṣoṣo. Àyẹ̀wò kan wà tí wọ́n ń po ẹ̀jẹ̀ mọ́ omi kẹ́míkà. Tí omi náà bá rú, tí kò mọ́ gaara mọ́, wọ́n á ní S wà níbẹ̀. Àyẹ̀wò yìí kò lè ya AS kúrò lára SS, kò sì rí C, lẹ́tà mìíràn tí òbí lè fún ọmọ, rárá. Electrophoresis ni kẹ́ ẹ béèrè fún. Wọ́n á kán ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sórí bébà tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n á tan iná mànàmáná sí i. A ló máa sáré jìnnà jù, S á tẹ̀ lé e, C á gbẹ́yìn. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí wọ́n lè fi wé e. Ẹ ṣe é ní ilé àyẹ̀wò méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Tí wọ́n bá fa ẹ̀jẹ̀ sí yín lára láàárín oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, ẹ dúró ná, torí ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn lè wà nínú èsì yẹn. Kẹ́ ẹ sì tètè ṣe é, kì í ṣe ìgbà tí wọ́n bá ti pín aṣọ ẹbí.

Mo dárúkọ C, torí àwọn kan ń sọ pé, "Èmi kì í ṣe AS, AC ni mí," ọkàn wọn á sì balẹ̀. C wọ́pọ̀ láàárín Yorùbá. AC àti AS lè bí SC, ìdá kan nínú mẹ́rin fún oyún kọ̀ọ̀kan. Fòníkú-fọ̀ladìde ni SC náà, ó sì lè ba ojú àti egungun ìbàdí jẹ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti bímọ, ẹ má ṣe sọ pé, "Ọmọ wa ti pé oṣù mẹ́ta, ó ń sanra, kò lè jẹ́ SS." Irú ẹ̀jẹ̀ tí ọmọ fi ń gbé nínú ìyá rẹ̀ ló ṣì ń dáàbò bò ó. Tó bá ń lọ sí oṣù mẹ́fà, ẹ̀jẹ̀ yẹn á ti dín kù, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọmọ lè bẹ̀rẹ̀ sí í wú, á máa ké tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kan án. Ní Ìlú Ọba, wọ́n ń gun gìgísẹ̀ ọmọ tuntun fún àyẹ̀wò yìí. Nílé níbí, ẹ̀yin òbí lẹ máa béèrè fún un. Tó bá jẹ́ SS, dókítà á fi í sórí penicillin lójoojúmọ́ kó tó pé oṣù mẹ́ta, wọ́n á sì gún un ní abẹ́rẹ́ àjẹsára tó ń dènà òtútù àyà. Tí ara rẹ̀ bá gbóná ju 38 lọ lórí ẹ̀rọ ìwọn, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an; ẹ má ṣe fún un ní paracetamol kẹ́ ẹ wá dúró de ilẹ̀ mọ́.