Bí a ṣe ń ka ìwé sétí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ríran

Ọdún kejì mi ní yunifásítì ni èmi àti ọ̀rẹ́ mi mẹ́rin bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí: ká máa ka àwọn ìwé tí olùkọ́ ń lò, ká ká ohùn rẹ̀ sílẹ̀, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ríran lè máa gbọ́ ọ. Mo ti kẹ́kọ̀ọ́ jáde, iṣẹ́ náà ṣì ń lọ. Ṣùgbọ́n díẹ̀ ló kù kó kú mọ́ wa lọ́wọ́.

Ohun tí a kọ́kọ́ ṣì ṣe ni pé a ò bi ẹnikẹ́ni. A wá ẹni tí ohùn rẹ̀ dùn, a wá yàrá tí kò láriwo, a fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ka orí kan ṣoṣo. A gbé e fún ẹ̀gbọ́n kan tó wà ní ọdún ìkẹyìn, tí kò ríran láti kékeré. Ó gbọ́ ọ fún bí ìṣẹ́jú méjì, ó rẹ́rìn-ín.

“Ẹ ṣeun o. Àmọ́ ojú ewé wo la wà báyìí?”

A wo ara wa lójú. Kò sí ẹni tó rántí pe nọ́ńbà ojú ewé. Bí olùkọ́ bá ní kí wọ́n ṣí ojú ewé 84, gbogbo kíláàsì á ṣí i, òun á máa wá ibẹ̀ kiri nínú ohùn wákàtí kan. Ohùn dídùn tí a tìtorí ẹ̀ dààmú yẹn ńkọ́? Ìlọ́po méjì ló máa ń mú un yára tó bá ń gbọ́ ọ. Bóyá ó dùn, bóyá kò dùn, kò kàn án.

Àtìgbà náà ni a ti ń pe ojú ewé ká tó ka ohun tó wà níbẹ̀, tí a sì ń gé ohùn náà ní ojú ewé márùn-ún márùn-ún. Audacity, ètò kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n fi ń ká ohùn tí wọ́n sì fi ń gé e, la fi ń gé e, ọ̀fẹ́ ni.

Àwòrán ló fún wa níṣẹ́ jù. Nínú ìwé ọrọ̀ ajé, ẹni tó kọ́kọ́ kà á kàn sọ pé “àwòrán kan wà níbí,” ó kọjá lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo tún un ṣe kó tó já gaara: “Ìlà méjì ló wà. Ọ̀kan ti òkè lápá òsì sọ̀ kalẹ̀ lọ sápá ọ̀tún. Iye tí àwọn èèyàn fẹ́ rà nìyẹn. Èkejì ti ìsàlẹ̀ lápá òsì gòkè lọ sápá ọ̀tún. Iye tí àwọn ọlọ́jà fẹ́ tà nìyẹn. Ibi tí wọ́n ti pàdé ni iye owó ọjà dúró sí.” Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá mọ ohun tí àwòrán náà ń sọ, bẹ́ẹ̀ mo ti yege nínú ìdánwò ẹ̀ tipẹ́.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé bà wá lẹ́rù díẹ̀. Olùtọ́jú ilé ìkàwé ló là wá lọ́yẹ̀ pé àdéhùn àgbáyé Marrakesh ọdún 2013 fàyè gba irú ẹ̀dà báyìí fún àwọn tí kò lè ka ìwé títẹ̀, ní àwọn orílẹ̀-èdè tó ti sọ ọ́ di òfin. Nítorí náà ilé ìkàwé la kó o sí, a ò jù ú síta fún gbogbo ayé.

Wàhálà wá dé. Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ pásíwọ́ọ̀dù ibi tí gbogbo ohùn wà, ó kẹ́kọ̀ọ́ jáde, ó pààrọ̀ nọ́ńbà fóònù. Ìdánwò ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọpẹ́lọpẹ́ àbúrò ẹ̀ tó wà ní kíláàsì kejì sí tiwa, òun ló bá wa wá a rí.

Láti ọjọ́ yẹn, ẹni tó bá ti wọ ọdún ìkẹyìn kì í dá mọ pásíwọ́ọ̀dù mọ́; akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kejì méjì gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n. Ní ọdún tí mo fi jáde, mi ò ka ìwé kankan. Mo kàn ń jókòó ti àwọn àbúrò, mo ń pa ẹnu mọ́, ìyẹn ló le jù nínú gbogbo ẹ̀.

Wọ́n ti yí òfin ojú ewé márùn-ún wa padà. Ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan nínú ìwé ni wọ́n ń gé e sí báyìí. Ó dùn mí díẹ̀. Mo pè wọ́n láti bá wọn wí, wọ́n ní àwọn tó ń gbọ́ ọ ni àwọn bi kí àwọn tó ṣe é.