Bí ẹ ó ṣe yan ohun èlò ìkọ́ni fún ọmọ SS1 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ máa kọ kóòdù

Kí ẹ tó ra ìwé kankan, ẹ kọ́kọ́ wọ yàrá kọ̀ǹpútà lọ. Ẹ ka èyí tó ń tàn, ẹ wo irú Windows tó wà lórí wọn, kí ẹ sì mọ iye wákàtí tí iná tàbí jẹnẹrétọ̀ ń ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀. Tó bá jẹ́ Windows 7 ni, Python (èdè tí wọ́n fi ń kọ kóòdù) 3.8 ni ibi tó lè dé, 3.9 sókè kò ní wọ̀ ọ́. Scratch 3 náà, níbi tí ọmọ ti ń fa búlọ́ọ̀kù pọ̀ dípò kó tẹ kóòdù, Windows 10 ló ń fẹ́. Ìwé tó bá ní kí ọmọ lo èyí tó tuntun jù, ọjọ́ àkọ́kọ́ lẹ ó ti há.

Níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dáa, bí Under-G l'Ógbómọ̀ṣọ́, ẹ gba gbogbo ohun tí ìwé náà ń lò sórí fíláàṣì. Ẹ wá pa dátà, kí ẹ fúnra yín ṣe iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ inú ìwé náà. Èyí tó bá tún ń béèrè íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ fi í sílẹ̀.

Ẹ ṣí ìwé sí ibi tí print, àṣẹ tó ń gbé ọ̀rọ̀ sójú kọ̀ǹpútà, ti kọ́kọ́ jáde. Tí ẹ bá rí print "Bawo ni" láìsí àkámọ́, Python 2 nìyẹn, tí wọ́n ti pa tì láti 2020. Ọmọ á dà á kọ bó ṣe rí, kọ̀ǹpútà á kọ̀ ọ́, ọmọ á ní òun ni orí òun ò pé. Ẹ tún ka ojú ewé tó ṣáájú kóòdù àkọ́kọ́. Bó bá ju mẹ́wàá lọ, tó jẹ́ ìran kọ̀ǹpútà kìíní dé ìkarùn-ún ló kún ibẹ̀, ìwé àkọ́sórí fún ìdánwò ni.

Scratch dára fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, torí pé ọmọ ò lè ṣi kóòdù tẹ̀ níbẹ̀. Kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀; ọmọ ọdún 15 á ní eré ọmọdé ni. Lẹ́yìn rẹ̀, Python nínú Thonny, tàbí IDLE tó bá Python wá; ibi tí wọ́n ti ń tẹ kóòdù Python ni méjèèjì.

Àṣìṣe ni ẹ ó fi mọ ìwé gidi. Ọmọ fẹ́ ro kóńgò kajú pọ̀: ó tẹ 12, ó tẹ 15, kọ̀ǹpútà ní 1215. Ọ̀rọ̀ ni input() ń gbà, kì í ṣe nọ́ńbà. Àfi kí ẹ fi int() sọ ọ́ di nọ́ńbà. Ìwé tí kò mẹ́nu ba èyí kò tíì bá ọmọ jókòó rí. Bákan náà ni ìlà tí wọ́n fi Tab sún àti èyí tí wọ́n fi àyè sún, tó dàpọ̀ lábẹ́ if kan ṣoṣo: Python á kọ̀ ọ́, ó yẹ kí ìwé sọ ọ́. Tí ẹ bá sì tẹ nóòtì yín nínú Word, yóò sọ àmì " di èyí tó tẹ̀ (“ ”), Python ò sì mọ̀ ọ́n. Notepad ni kí ẹ lò.

Ọmọ 40, kọ̀ǹpútà 10? Ẹ mú ohun èlò tó ní iṣẹ́ orí ìwé. Kí 20 wà nídìí ẹ̀rọ ní méjì-méjì, kí 20 yòókù máa tọ kóòdù ní ìlà-ìlà lórí ìwé, kí wọ́n kọ iye tí oníyepúpọ̀ (variable, orúkọ tó ń gba iye) kọ̀ọ̀kan ń di. Ní ogún ìṣẹ́jú, kí wọ́n pààrọ̀. Ẹ ṣọ́ ẹni tó gba kíbọ́ọ̀dù mọ́ra.

Fún fọ́tòkọ́pì, ojú ewé kan tó fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ má kọ nọ́ńbà ìlà mọ́ ara kóòdù o. Wọn á tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn.