Bí o ṣe lè dá ìkòkò Gíríìkì ti gúúsù Ítálì mọ̀

Èmi kì í tètè wo àwòrán. Abẹ́ ẹsẹ̀ ìkòkò, níbi tí ọ̀dà dúdú kò dé, ni mo máa ń yẹ̀ wò. Bí amọ̀ ibẹ̀ bá ní àwọ̀ tó ṣá, tí wọ́n sì ti fi ọ̀dà pupa pa á lára, fura sí Campania, agbègbè kan ní gúúsù Ítálì.

Wàyí o, yí i padà. Ṣé o rí ilé kékeré olópòó funfun tí ẹnì kan wà nínú rẹ̀? Òkú ni wọ́n ń bu ọlá fún. Apulia, agbègbè mìíràn níbẹ̀, ni kí o fọkàn sí, ọ̀rúndún kẹrin ṣáájú Kristi, pàápàá bí orí obìnrin bá yọ láàárín òdòdó lọ́rùn ìkòkò. (Ọ̀ṣọ́ wọn ti pọ̀ jù lójú tèmi.)

Tí etí aṣọ àwọn ènìyàn inú àwòrán bá ní ìlà tó ní àmì tó-tò-tó, Paestum, ìlú Gíríìkì kan níbẹ̀, ni. Wá orúkọ Asteas tàbí Python, àwọn ayàwòrán ìkòkò ìlú náà. Àwọn méjèèjì kọ orúkọ wọn sára iṣẹ́ wọn.