Bí ètò omi abúlé yín ṣe lè wọ bọ́jẹ́ẹ̀tì ìjọba ìbílẹ̀

Ẹ má dúró de oṣù kejìlá. Oṣù kìn-ín-ní ni ọdún ìṣúná ń bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ọdún bá sì ń lọ sópin, wọ́n ti kọ iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ ṣe tán. Akọ̀wé ìgbìmọ̀ omi, èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń pè ní WASHCOM, ni mí ní abúlé kan ní Ìbàràpá. Oṣù kẹjọ ni mo máa ń fẹ́ kí ìwé wa ti wà lórí tábìlì wọn. Ètò omi ọlọ́dún márùn-ún tí abúlé kọ, tí kò sí nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì, bébà lásán ni, òǹtẹ̀ ì báà kún ojú rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ ka ènìyàn, ojúlé sí ojúlé. Ìlànà omi tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde lọ́dún 2000 ní lítà 30 ló tọ́ sí ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìgbèríko lóòjọ́, kí ibi tí wọ́n ti ń pọn ọ́n má ju mítà 250 lọ, kí ojú omi kan sì máa bọ́ ènìyàn 250 sí 500. Bí ẹ bá jẹ́ 600, lítà 18,000 nìyẹn lójúmọ́, ojú omi kan ò sì lè tó yín. Nọ́ńbà wọ̀nyí ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ ìwé yín. "Ìyà omi ń jẹ wá" ni gbogbo abúlé ń kọ.

Owó àtúnṣe ni ọ̀pọ̀ ètò kì í rántí. Ẹ wo pọ́ǹpù ọlọ́wọ́ yín: wọ́ṣà rọ́bà tó wà nínú rẹ̀ nísàlẹ̀ kànga a máa jẹ. Ẹ ó kọ́kọ́ rí i pé àwọn ọmọ ń fà á títí kí omi tó yọ. Tó bá yá, irin á kàn máa dún ni, omi ò ní jáde mọ́. Rọ́bà kékeré ni, àmọ́ bí kò bá sówó nílẹ̀, kànga olówó ńlá di ibi ìso ewúrẹ́. Nítorí náà, ẹ kọ ọ́ sínú ètò: èló ni ẹni tó bá pọn omi máa san lórí kẹ́ẹ̀gì kan, ta ló ń gbà á, kí ni owó náà máa rà lọ́dọọdún. Akápò tiwa ń ta gàrí, kò sì sẹ́ni tó lè yá owó omi lọ́wọ́ rẹ̀, títí kan baálẹ̀. Ẹ ní kí oníṣẹ́ pọ́ǹpù méjì kọ iye ohun èlò sílẹ̀, kí wọ́n buwọ́ lù ú.

Ẹbí tó ni ilẹ̀ tí ojú omi máa wà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé náà pẹ̀lú. Ẹ má sọ pé ilẹ̀ ìlú ni.

Ọ́fíìsì WASH, ìyẹn ẹ̀ka omi àti ìmọ́tótó ní ìjọba ìbílẹ̀, ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ, kì í ṣe ọ̀dọ̀ alága. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa yẹ̀ ẹ́ wò, tí wọ́n á sì bá RUWASSA, àjọ omi àti ìmọ́tótó ìgbèríko ti ìpínlẹ̀, sọ ọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ bá káńsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù yín, torí àwọn káńsẹ́lọ̀ ló ń jókòó lórí bọ́jẹ́ẹ̀tì. Ẹ mú àgbàlagbà kan dání tí sòbìyà ti bá jà rí. Lágbègbè Ìdèrè níbí, irú àwọn àgbàlagbà bẹ́ẹ̀ ṣì wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé láti 2013 ni àjọ ìlera àgbáyé ti kéde pé àrùn náà ti tán ní Nàìjíríà. Káńsẹ́lọ̀ lè bá ìwé jiyàn, kò lè bá àpá ẹsẹ̀ màmá jiyàn.

Ẹ̀dà mẹ́ta ni kí ẹ ṣe. Kí wọ́n tẹ òǹtẹ̀ àti déètì sí ìkẹta, kí ẹ gbé e bọ̀ wálé. Ẹ má fi ìwé kankan sílẹ̀ lọ́wọ́ mẹ́sẹ́ńjà.

Kí wọ́n tó dìbò lé bọ́jẹ́ẹ̀tì, ẹ ní kí káńsẹ́lọ̀ fi ojú ìwé náà hàn yín. Bí wọ́n bá kọ "omi ìgbèríko" láìdárúkọ abúlé yín, ibikíbi ni owó náà lè gbà lọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ sí i. Ti ọdún kan péré sì ni. Ètò yín ò ní wọ bọ́jẹ́ẹ̀tì ọdún kejì fúnra rẹ̀, ẹ̀yin lẹ máa tún gbé e lọ, pẹ̀lú ìṣirò owó kẹ́ẹ̀gì tẹ́ ẹ ti gbà.