Bí a ṣe ń bẹ̀rẹ̀ táǹkì omi òkun oníyùn ní Àkúrẹ́

Ìpínlẹ̀ Òndó ní òkun, ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ ni etíkun Ìlàjẹ, odò àti ọ̀sà sì ń ya sínú omi ibẹ̀. Ó rú, iyọ̀ rẹ̀ kì í dúró lójú kan. Nítorí náà, ẹ má gbé kẹ́ẹ̀gì lọ sí Ayétòrò. Ẹni tó bá fẹ́ sin ẹja òkun àti iyùn ààyè nínú dígí ní Àkúrẹ́ yóò po òkun tirẹ̀ nílé ni, ibi omi yìí gan-an sì ni wàhálà oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ti ń wá.

Táǹkì 100 lítà la ó fi ṣe ìṣirò. Èyí tó kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ dín owó kù lóòótọ́, àmọ́ omi díẹ̀ tètè ń gbóná, ó sì tètè ń bàjẹ́. Tábìlì abẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ lè gbé 150 kílò.

Ẹ kọ́kọ́ wá omi tí kò ní nǹkan kan nínú. Omi kànga àti ti borehole ń gba àárín òkúta bọ̀, ó sì ń kó silica (èròjà inú iyanrìn) àti àwọn nǹkan mìíràn wá; omi ẹ̀rọ ìjọba lè ní chlorine. Píọ̀ wọ́tà dára lẹ́nu, ṣùgbọ́n kò tíì mọ́ tó fún iyùn. Asẹ́ RO (tó ń fi agbára ti omi gba inú awọ tín-ín-rín) tó ní asẹ́ DI (tó ń fa ìyókù ohun tó yòrò sínú omi) lẹ́yìn ni kí ẹ lò. Ẹ fi mítà TDS, tó ń ka iye ohun tó yòrò sínú omi, wò ó: 0 ló yẹ kó fi hàn. Bó bá ti ń gòkè, asẹ́ DI ti lò tán nìyẹn.

Iyọ̀ ọbẹ̀ tí wọ́n ń tà ní Ọjà Ọba kò ṣeé lò, bó ti wù kó funfun tó. Kò ní calcium àti magnesium tí iyùn fi ń kọ́ egungun ara rẹ̀. Iyọ̀ tí wọ́n pò fún táǹkì òkun ni kí ẹ rà. Lítà kan ń gba nǹkan bíi gíráàmù 35 sí 38, èyí tó fi jẹ́ pé 100 lítà ń gba kílò mẹ́ta ààbọ̀ sí mẹ́rin. Ẹ da omi sínú dúrọ́ọ̀mù, ẹ ki pọ́ǹpù bọ̀ ọ́ kó máa rò ó, kí ẹ wá máa bu iyọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀. Ẹ má da omi lé iyọ̀ lórí o: calcium inú rẹ̀ á dì, omi á funfun bí omi ògì. Ẹ jẹ́ kó máa yí di ọjọ́ kejì, kí ẹ tó fi refractometer (ẹ̀rọ tó ń wọn iyọ̀ inú omi) wọ̀n ọ́. 1.025 sí 1.026, ìyẹn ìwúwo omi náà sí ti omi lásán, ni a ń wá. Ẹ̀rọ yìí a máa purọ́, nítorí náà ẹ máa fi omi àtúnṣe 35 ppt (iyọ̀ gíráàmù 35 nínú kílò omi kan) tún un tò lóṣooṣù.

Kílò mẹ́wàá sí méjìlá òkúta oníhò gbígbẹ tí wọ́n ń tà fún táǹkì òkun ló tó. Orí dígí gan-an ni ẹ gbé òkúta lé, kí iyanrìn tó wọlé. Ẹja tó bá ń walẹ̀ lè dojú òkúta tó wà lórí iyanrìn dé.

Ibi tí sùúrù ti ń tán nìyí. Ìgbẹ́ ẹja àti oúnjẹ tó ṣẹ́kù ń di ammonia, májèlé gidi ni. Bakitéríà ara òkúta ló ń sọ ọ́ di nitrite, òmíràn á sọ ìyẹn di nitrate, tí kò burú tó bẹ́ẹ̀. Táǹkì tuntun kò ní bakitéríà yìí. Ẹni tó bá kó ẹja sí i lọ́jọ́ kejì yóò kó òkú jáde láàárín ọ̀sẹ̀ náà. Ẹ kán ammonia sí i títí yóò fi tó 2 mg lítà kan. Edé tútù ẹyọ kan pàápàá lè ṣe é (edé gbígbẹ inú ọbẹ̀ kọ́ o), ṣùgbọ́n yóò rùn. Ẹ pa iná táǹkì, ẹ máa yẹ omi wò lọ́jọ́ méjì-méjì. Ammonia á gòkè, á wálẹ̀. Nitrite á tẹ̀ lé e. Ọjọ́ tí ẹ bá fi ammonia 2 mg sí i, tí méjèèjì di 0 láàárín wákàtí 24, omi ti dàgbà nìyẹn. Ó ń gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà. Ẹ pààrọ̀ ìdajì omi kí ẹja tó wọlé.

Ooru ni ọ̀tá kejì. 25 sí 26 °C ló tẹ́ iyùn lọ́rùn. Bí omi bá pẹ́ lókè 30, iyùn á bẹ̀rẹ̀ sí í funfun, oṣù Kejì àti Ìkẹta nílùú yìí kò sì mọ ojú ẹnikẹ́ni. Ẹ mú ìdérí dígí kúrò, ẹ fi nẹ́ẹ̀tì bo ẹnu táǹkì, kí fáànù máa fẹ́ sójú omi. Ó lè bu dígíríì méjì sí mẹ́ta kúrò. Lásìkò ọyẹ́ ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Lásìkò òjò, tí ọ̀rinrin ti kún inú afẹ́fẹ́, agbára rẹ̀ ń dínkù. Fáànù ń gbẹ omi, ṣùgbọ́n iyọ̀ kì í bá a lọ. Ẹ fi máákà sàmì sí ara dígí, kí ẹ máa fi omi RO lásán dí ohun tó gbẹ lójoojúmọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi omi iyọ̀ dí i. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan iyọ̀ á ti pọ̀ jù.

Bí NEPA bá mú iná lọ, pọ́ǹpù dákẹ́, ẹja sì lè kú láàárín wákàtí mélòó kan torí àìrí atẹ́gùn. Ẹ ní pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ oníbátìrì nítòsí. Lórí inverter, pọ́ǹpù ló ṣáájú, fáànù tẹ̀ lé e, iná sì kẹ́yìn: iyùn lè wà lókùnkùn fọ́jọ́ kan láìsí ewu.

Ẹja clownfish méjì àti ìgbín òkun díẹ̀ ló tó láti bẹ̀rẹ̀. Ìdọ̀tí pupa rúsúrúsú tó máa bo iyanrìn lásìkò yìí kì í ṣe àrùn. Silica ló ń jẹ, á sì lọ fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Lẹ́yìn oṣù kan, ẹ lè fi iyùn rírọ̀ bíi zoanthid sí i. Ìbọ̀wọ́ ni kí ẹ fi mú un, ẹ má sì ṣe se òkúta tó wà lára rẹ̀ láéláé, torí ooru onímájèlé tó ń jáde lára rẹ̀ lè pa ènìyàn. Ẹ máa pààrọ̀ lítà mẹ́wàá lọ́sẹ̀.

Ẹ kìlọ̀ fún ará ilé nípa oògùn ẹ̀fọn. Bí wọ́n bá fín in sí yàrá táǹkì, pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ á fà á sínú omi, bí edé bá wà níbẹ̀, òun ni yóò kọ́kọ́ kú.